Àbújá sí Toronto: Kìlómítà 9,070 ni, àmọ́ wákàtí mélòó ni màmá yóò fi wà lọ́nà?

Arákùnrin kan tó ń gbé ní Lugbe, níbí lójú ọ̀nà pápákọ̀ òfuurufú Àbújá, ló béèrè ọ̀rọ̀ yìí. Àbúrò rẹ̀ obìnrin bímọ sí Toronto, màmá wọn tó wà ní Kàdúná sì fẹ́ lọ wẹ ọmọ ní oṣù kìíní ọdún. Ó wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó rí i pé Àbújá sí Toronto jẹ́ kìlómítà 9,070, àti pé wákàtí mọ́kànlá ó lé ogún ìṣẹ́jú ni bàálù yóò fi fò ó. Ìgbà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, èyí tó yá jù nínú ohun tí wọ́n fi hàn án gba wákàtí méjìdínlógún àbọ̀, èyí tówó rẹ̀ kéré jù sì lé ní wákàtí mẹ́rìnlélógún. Ó ní: “Ta ló ń purọ́ fún mi nínú wọn? Màmá ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Ọ̀nà wo ni kí n mú fún wọn, aago mélòó sì ni kí àbúrò mi lọ dúró dè wọ́n?”

Ẹ kú oríire ọmọ tuntun, arákùnrin mi. Ọlọ́run yóò wò ó, yóò dá a sí. Kò sẹ́ni tó purọ́ fún yín níbẹ̀. Ilẹ̀ ayé ni íntánẹ́ẹ̀tì wọ̀n, tíkẹ́ẹ̀tì ní tirẹ̀ ń ka wákàtí tí èèyàn yóò lò láti ìgbà tí bàálù bá ti gbéra níbí títí tí yóò fi balẹ̀ lọ́hùn-ún. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe jẹun ni kí n jókòó sílẹ̀, kí n ṣírò ọ̀nà tí bàálù yóò gbà, epo tí yóò gbé, àti ìgbà tí yóò balẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tú u palẹ̀ fún yín, nítorí ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀ kò ní tìtorí owó díẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì tí yóò fìyà jẹ ìyá rẹ̀.

Òótọ́ ni 9,070 yẹn. Pápákọ̀ Nnamdi Azikiwe wà ní nǹkan bíi dígírì 9 lápá àríwá ìlà tó pín ayé sí méjì, ó sì wà ní dígírì 7 àti díẹ̀ lápá ìlà-oòrùn. Pápákọ̀ Pearson ti Toronto wà ní nǹkan bíi dígírì 43.7 lápá àríwá àti 79.6 lápá ìwọ̀-oòrùn. Ẹ mú ọsàn kan, ẹ gún abẹ́rẹ́ méjì sí i lára, kí ẹ na òwú láti ara ọ̀kan dé ara èkejì kó le gan-an. Ibi tí òwú náà bá gbà lára ọsàn ni ọ̀nà tó kúrú jù, ọ̀nà yẹn náà sì ni àwọn tó ń ṣírò ń wọ̀n. Dígírì kan lórí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ jẹ́ kìlómítà 111 àti díẹ̀. Láti Àbújá sí Toronto, dígírì náà lé díẹ̀ ní 81 àbọ̀. Ẹ fi ìkíní sọ èkejì di púpọ̀, ẹ ó bá 9,070 níbẹ̀. Bí bàálù bá lè tẹ̀ lé òwú yẹn gẹ́lẹ́, yóò gba ọ̀nà àríwá ìwọ̀-oòrùn kúrò ní Nàìjíríà, yóò fò kọjá lórí Niger, yóò wọ Mali níbi tí kò jìnnà sí ìlú Gao, yóò la aṣálẹ̀ Mauritania já, yóò bọ́ sórí òkun lágbègbè àwọn erékùsù Canary, kó tó wá dorí kọ Kánádà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni ìyẹn máa ń yà lẹ́nu, torí àwòrán ayé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri ní ilé ìwé tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sì jẹ́ ká rí bí ọ̀nà náà ṣe ń tẹ̀ sókè.

Ti wákàtí mọ́kànlá ó lé ogún ìṣẹ́jú kò le. Wọ́n kàn fi 800 pín 9,070 ni. Bàálù ńlá bíi Boeing 787 ń sá tó nǹkan bíi 900 kìlómítà ní wákàtí kan tó bá ti dé òkè, àmọ́ ó máa ń rọra nígbà tó bá ń gòkè àti nígbà tó bá ń sọ̀kalẹ̀, ni wọ́n ṣe mú 800 bíi ti gbogbogbòò. Ìṣirò náà kò burú. Àmọ́ kò bi afẹ́fẹ́ léèrè, kò bi àwọn orílẹ̀-èdè tí ọ̀nà gba orí wọn kọjá léèrè, kò sì béèrè bóyá bàálù kankan tilẹ̀ ń gba ọ̀nà náà.

Kò sí bàálù tó ń gbéra ní Àbújá lọ sí Toronto tààrà. Kì í ṣe pé agbára rẹ̀ kò ká a. Boeing 787 tí mo dárúkọ yẹn lè fò ju kìlómítà 13,000 lọ láì balẹ̀. Ọ̀rọ̀ èrò ni: ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ máa gba ọ̀nà bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ rí èèyàn tí yóò kún àga lálọ lábọ̀, ní gbogbo ọ̀sẹ̀, tẹ̀ẹ̀rùn tòjò. Láti Èkó, ilé iṣẹ́ bàálù Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Delta ń fò lọ sí Atlanta tààrà. Àmọ́ Amẹ́ríkà kì í jẹ́ kí ọmọ Nàìjíríà yí bàálù nílẹ̀ wọn láì ní físà Amẹ́ríkà, bó jẹ́ wákàtí méjì péré ló fẹ́ lò níbẹ̀. Bí màmá kò bá ní físà yẹn lọ́wọ́, ẹ gbàgbé ọ̀nà náà.

Nítorí náà, ibì kan ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti yí bàálù, ibi tó bá sì jẹ́ ló ń pinnu nǹkan. Láti Àbújá sí Heathrow ní Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 4,775, láti ibẹ̀ sí Toronto jẹ́ nǹkan bíi 5,710. Àpapọ̀ rẹ̀ kò tó 10,500, ìyẹn ni pé ìyípo náà kò fi bẹ́ẹ̀ ju 1,400 lọ sórí ọ̀nà òwú. Frankfurt ní Jámánì sún mọ́ ọn, nǹkan bíi 10,900 ni gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá gba Istanbul, ó ti di nǹkan bíi 12,300. Ti Addis Ababa wá yàtọ̀ pátápátá: màmá yóò kọ́kọ́ kọjú sí ìlà-oòrùn fún kìlómítà bíi 3,460, kí wọ́n tó yí padà sí ìwọ̀-oòrùn, kí wọ́n sì rin nǹkan bíi 11,500. Gbogbo rẹ̀ súnmọ́ 15,000. Pápákọ̀ Addis sì wà lórí òkè gíga, ó ju mítà 2,300 lọ sí ojú òkun. Afẹ́fẹ́ fúyẹ́ lókè bẹ́ẹ̀, bàálù kì í sì lè gbé ẹrù àti epo tó pọ̀ tó bó ṣe fẹ́ nígbà tó bá ń gbéra. Ìdí nìyẹn tí àwọn bàálù Ethiopian tó ń lọ sí Amẹ́ríkà àti Kánádà fi máa ń balẹ̀ sí ìlú míì lójú ọ̀nà láti rọ epo. Dublin ní Ireland jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí wọ́n ti ṣe é rí. Mi ò bú ọ̀nà Addis o. Ẹni tó bá ń lọ sí Nairobi tàbí Mumbai láti Àbújá, ọ̀nà gidi ni. Fún ìyá arúgbó tó ń lọ sí Toronto, ó jìnnà jù.

Ọ̀nà tó wà lórí ìwé ní ọ̀la lè má jẹ́ ọ̀nà tó wà lójú sánmà, àwa tá a wà ní òkè ọya yìí ló sì yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ibi tí Niger wà: òun ló jókòó sórí Sókótó, Katsina àti Jigawa tààrà. Bàálù tó bá kúrò ní Àbújá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù máa ń sọdá Niger, yóò la Algeria já, yóò kọjá òkun Mediterranean, kó tó gba orí Faransé wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn tí àwọn sójà gbàjọba ní Niger ní oṣù keje 2023, wọ́n ti ojú sánmà wọn pa ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ, wọn ò sì ṣí i títí di ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án. Bàálù tó wà lókè lálẹ́ ọjọ́ náà, tó ń bọ̀ wá sí ilẹ̀ wa, ẹlòmíràn ní láti ṣẹ́rí padà. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n ń yí gba ẹ̀gbẹ́ Niger, epo ń pọ̀ sí i, wákàtí ń gùn sí i, àwọn tó sì fẹ́ wọ bàálù kejì ní Yúróòpù ń pàdánù rẹ̀. Líbíà wà lápá ọ̀tún, àmọ́ ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kì í fẹ́ gba orí rẹ̀ nítorí ogun.

Ti Sudan tilẹ̀ tún kan àwọn èèyàn wa ju ìyẹn lọ. Àbújá sí Jeddah jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 3,690, ọ̀nà tó sì kúrú jù gba orí Chad àti Sudan. Látìgbà tí ogun ti bẹ́ ní Khartoum ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin 2023, ojú sánmà ibẹ̀ di ẹnu ọ̀nà tó tì. Ní ọdún náà, àwọn alálàájì tó gbéra láti Kánò, Sókótó àti Ìlọrin rìn jìnnà ju bí àwọn tó ṣáájú wọn ti rìn lọ. Kìlómítà láàárín Àbújá àti Jeddah kò yí padà rárá, ìrìn náà ló gùn. Mo ń sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé wákàtí tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ ìlérí tó sinmi lé àlàáfíà àwọn ará ibòmíràn.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí afẹ́fẹ́. Ní ibi tí bàálù ti ń fò, nǹkan bíi kìlómítà mẹ́wàá sókè, afẹ́fẹ́ líle kan ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn lórí òkun Àtìláńtíìkì ti àríwá. Nígbà òtútù wọn, ìyẹn oṣù kìíní tí màmá fẹ́ lọ gan-an, ló máa ń le jù. Ó lè lé ní 200 kìlómítà ní wákàtí kan. Bàálù tó ń lọ sí Kánádà ń dojú kọ ọ́, èyí tó ń bọ̀ ń gùn ún lẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí Lọ́ńdọ̀nù sí Toronto fi ń gba nǹkan bíi wákàtí mẹ́jọ, tí àbọ̀ rẹ̀ sì lè gba méje tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, lórí kìlómítà kan náà. Àwọn tó ń darí bàálù ní Gander ní Kánádà àti ní Shanwick lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa ń ya ọ̀nà tuntun sórí òkun náà lójoojúmọ́, bí afẹ́fẹ́ ọjọ́ náà bá ṣe rí. Ọ̀nà tí bàálù gbà lánàá lè máà jẹ́ èyí tí yóò gbà lónìí. Àbújá sí Lọ́ńdọ̀nù kò fi bẹ́ẹ̀ ní irú ìyàtọ̀ yìí, torí àríwá àti gúúsù ló ń lọ. Ẹ fi sí wákàtí mẹ́fà àbọ̀.

Ẹ wá fọkàn bá mi lọ nínú ìṣirò yìí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Ká ní bàálù gbéra ní Àbújá ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Wákàtí mẹ́fà àbọ̀ lẹ́yìn náà, aago méjì àbọ̀ ọ̀sán ti lù ní Nàìjíríà, àmọ́ Lọ́ńdọ̀nù fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wa nígbà òtútù, nítorí náà aago kan àbọ̀ ni lọ́dọ̀ tiwọn. Ká ní màmá dúró fún wákàtí mẹ́rin, bàálù kejì gbéra ní aago márùn-ún àbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Wákàtí mẹ́jọ ní òkè. Toronto tún fi wákàtí márùn-ún wà lẹ́yìn Lọ́ńdọ̀nù. Wọn yóò balẹ̀ ní aago mẹ́jọ àbọ̀ alẹ́ ọjọ́ kan náà. Ẹni tó bá wo tíkẹ́ẹ̀tì yóò rí i pé wọ́n kúrò ní mẹ́jọ àárọ̀, wọ́n dé ní mẹ́jọ àbọ̀ alẹ́, yóò ní wákàtí méjìlá àbọ̀ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wákàtí mẹ́fà tó wà láàárín àwa àti Toronto gbọ́dọ̀ padà sínú rẹ̀: méjìdínlógún àbọ̀ ni, iye tí wọ́n sọ fún yín gan-an. Tó bá jẹ́ ìgbà ooru wọn ni, láti Sunday kejì oṣù kẹta títí di Sunday àkọ́kọ́ oṣù kọkànlá, wákàtí márùn-ún ni yóò wà láàárín wa, torí wọ́n máa ń sún aago síwájú, àwa kì í sún tiwa. Nígbà àbọ̀, ìṣirò yóò yí padà, tíkẹ́ẹ̀tì yóò dà bí ẹni pé ó gùn ju bó ṣe gùn lọ. Ẹ wo iye wákàtí tí wọ́n yóò fi dúró ní ìlú àárín nígbà àbọ̀ pẹ̀lú, torí ó sábà máa ń yàtọ̀ sí ti àlọ.

Ìmọ̀ràn mi fún màmá: ẹ gba Lọ́ńdọ̀nù tàbí Frankfurt, ẹ̀ẹ̀kan péré ni kí wọ́n yí bàálù, kí ìdúró náà wà láàárín wákàtí mẹ́ta sí márùn-ún. Wákàtí kan àbọ̀ kò tó fún àgbàlagbà ní pápákọ̀ tó tóbi bẹ́ẹ̀, níbi tí wọ́n á tún ti yẹ ẹrù ọwọ́ wò. Mẹ́wàá sì ti pọ̀ jù lórí àga irin. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ẹnu ibodè ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ló yàtọ̀: ọmọ Nàìjíríà wà lára àwọn tí Jámánì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń béèrè físà lọ́wọ́ wọn kódà bí wọn ò bá jáde ní pápákọ̀, àmọ́ ẹni tó bá ní físà Kánádà tó ṣì lágbára sábà máa ń bọ́ nínú rẹ̀. Òfin yìí máa ń yí padà. Ẹ jẹ́ kí ilé iṣẹ́ bàálù fìdí rẹ̀ múlẹ̀ fún yín kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Èyí tó ká mi lára jù lọ nìyí, mo sì fi Ọlọ́run bẹ̀ yín: tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni kí ẹ rà, láti Àbújá dé Toronto. Àwọn kan máa ń ra Àbújá sí Lọ́ńdọ̀nù lọ́tọ̀, wọ́n á tún ra Lọ́ńdọ̀nù sí Toronto lọ́tọ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ míì nítorí pé ó dín díẹ̀. Bí bàálù àkọ́kọ́ bá pẹ́, èkejì kò mọ̀ yín rí. Ẹrù kò ní kọjá tààrà, ìyá yín á ní láti jáde gbà á, á sì nílò físà láti jáde. Pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì kan, ọrùn ilé iṣẹ́ ni wàhálà náà wà, àwọn ni yóò fi wọ́n sínú bàálù tó kàn. Àbújá sì jẹ́ ibi tí ìpẹ́ ti lè ṣẹlẹ̀. Ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ni bàálù ń sá lé níbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n ń tún un ṣe ní 2017, láti ọjọ́ 8 oṣù kẹta títí di ọjọ́ 18 oṣù kẹrin, Kàdúná ni wọ́n ní kí àwọn bàálù lọ máa bà sí. Ní oṣù kejìlá 2024, bàálù akẹ́rù kan yà kúrò lójú ọ̀nà nígbà tó ń balẹ̀, gbogbo nǹkan dúró. Ọyẹ́ oṣù kìíní ńkọ́? Eruku tó ń fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ lè mú kí awakọ̀ má rí iwájú, wọn yóò sì ní kí bàálù dúró títí ojú ọjọ́ yóò fi mọ́.

Nítorí bẹ́ẹ̀, kí màmá má gbéra ní Kàdúná ní ọjọ́ ìrìn-àjò. Kí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin ní Rigasa ní ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú, kí wọ́n sọ̀ ní Idu, kí wọ́n sùn lọ́dọ̀ yín ní Lugbe. Ẹ̀yin ni ẹ sún mọ́ pápákọ̀ jù nínú gbogbo wa. Bí ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ sọ pé ẹ fẹ́ àga onítáyà tí òṣìṣẹ́ yóò fi máa tì wọ́n. Wọn kì í gba owó rẹ̀. Bí wọ́n bá tilẹ̀ ń rìn dáadáa, ẹ béèrè rẹ̀. Òṣìṣẹ́ náà ni yóò mú wọn dé ẹnu bàálù kejì, wọn ò ní máa ka àkọlé kiri ní Heathrow. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọ́dọ̀ wọ inú àpótí ńlá, àpò ọwọ́ ni kó wà, kí ẹ sì bi dókítà wọn bí wọn yóò ṣe máa lò ó nígbà tí aago bá yí padà. Kí wọ́n máa dìde rìn nínú bàálù, kí wọ́n máa mu omi, kí ẹsẹ̀ má bàa wú. Kóòtù òtútù náà, ọwọ́ ni kí wọ́n fi gbé e.

Ó ku ti àbúrò yín. Lẹ́yìn tí bàálù bá balẹ̀ ní aago mẹ́jọ àbọ̀, àwọn aṣọ́bodè yóò bi màmá ní ìbéèrè, wọn yóò sì dúró de ẹrù. Ẹ ka wákàtí kan àbọ̀ sí i, ó sì lè di méjì. Kí àbúrò yín wà ní Pearson ní aago mẹ́sàn-án àbọ̀, kì í ṣe mẹ́jọ, pàápàá tó bá ń gbé ọmọ tuntun dání nínú òtútù yẹn. Kó kọ àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sórí ìwé fún màmá, torí aṣọ́bodè yóò béèrè rẹ̀, fóònù màmá sì lè má ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bí ẹ bá kúrò ní Lugbe ní aago mẹ́rin ìdájí, tí wọ́n bá fi wọlé àbúrò yín ní nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́, wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni màmá fi wà lọ́nà. Iye tó yẹ kí ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tó gbéra nìyẹn, kí wọ́n lè múra ọkàn sílẹ̀. Ní ti ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, aago méjì àbọ̀ òru ni bàálù yóò balẹ̀ ní àkókò tiwa, ẹ má sì retí ohùn wọn kó tó di nǹkan bí aago mẹ́rin.